Búrẹ́dì Àwẹ̀ró tí Kò Ní Ṣúgà

Ní ìlú Àpáta-Mẹ́ta, níbi tí ojú irin ti pín sí méjì, tí ọ̀kan gba Òkè Ọya lọ, tí èkejì sì dorí kọ òkun, ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́tọ́lá ń gbé pẹ̀lú Àwẹ̀ró, aya rẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Olóríkunkun ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kan irin mọ́ igi fún rélùwéè. Oòrùn pa á, òjò pa á, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í kọ́ ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ẹ̀lẹ̀. Ohun tó ń kọ́ni ni pé kí ènìyàn di èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, kí ẹlòmíràn má bàa já a gbà.

Ohun tí òun dì mú láti ibi iṣẹ́ náà wálé ni búrẹ́dì. Nínú igbó, níbi tí kò ti sí ìkòkò, tí kò sí olóúnjẹ, búrẹ́dì àti ṣúgà ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè fi ń gbéra. Wọn a la búrẹ́dì sí méjì, wọn a to ṣúgà onígun sí àárín rẹ̀ bí ẹni ń mọ ògiri, wọn a sì fi omi tì í lọ sí ọ̀fun. Nígbà tí ara Ọdẹ́tọ́lá kò gba iṣẹ́ mọ́, tó padà sílé, kò jẹ ẹ̀kọ mọ́, kò sì fẹ́ rí iṣu. Bí aya rẹ̀ bá gbé ògì síwájú rẹ̀, á wò ó bí àlejò tí òun kò ránṣẹ́ pè.

"Bàbá Dọ̀tun," Àwẹ̀ró a wí, nítorí orúkọ àkọ́bí wọn ló fi ń pe ọkọ rẹ̀, "ṣé ẹ ti gbàgbé oúnjẹ tí ìyá yín fi tọ́ yín dàgbà ni?"

"Mi ò gbàgbé. Ìyá mi ni kò tíì rí búrẹ́dì nígbà náà."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ títí òùngbẹ kan fi dé tí omi kò lè pa. Ọdẹ́tọ́lá a mu agbè omi kan tán kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní kúrò lọ́nà ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gún gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì. Ẹ̀gún lásán ni o, irú èyí tó ti gún un nígbà àìmọye lójú irin, tó kàn fà yọ, tó tutọ́ sí i, tó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ti ọ̀tẹ̀ yìí kò jinná. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá, ojú ọgbẹ́ náà là sílẹ̀ kalẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Àwẹ̀ró fi ọgbọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó wà níbẹ̀ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó sì yí ojú sí obìnrin náà, bí ẹni tó ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yóò yé nínú àwọn méjèèjì.

"Ìyá, àtọ̀gbẹ ni. Bí bàbá yìí bá fi ṣúgà sílẹ̀, tí ẹ sì ń wẹ ọgbẹ́ yìí láràárọ̀ àti lálaalẹ́, ó lè jinná. Bí kò bá fi í sílẹ̀, a ó gé ẹsẹ̀ náà kúrò. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Ẹ mú un padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí n lè mọ èyí tí ẹ mú nínú méjèèjì."

"Búrẹ́dì ńkọ́?" ni Ọdẹ́tọ́lá bi í.

"Èyí tí wọ́n ń tà nílùú yìí? Ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ tó láti fi sin òkú. Ẹ má fi kan ẹnu."

Ọdẹ́tọ́lá ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ìlérí tí ènìyàn bá ṣe nígbà tó yó, ẹ jẹ́ kí ebi pa á ná kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, Àwẹ̀ró bá èérún búrẹ́dì lábẹ́ ìrọ̀rí. Ní ọjọ́ keje, ó bá odidi búrẹ́dì kan nínú bàtà tí ọkọ rẹ̀ fi ṣiṣẹ́ nígbà kan rí, wọ́n ti to ṣúgà onígun sí i láàárín.

Obìnrin náà kò pariwo. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé bàtà náà lé ẹsẹ̀, ó ń rò ó. Ó mọ ọkọ rẹ̀. Bí o bá já nǹkan gbà lọ́wọ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, tí o kò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, á lọ jí i. Bí ó bá jẹ́ pé búrẹ́dì ni ọkùnrin yìí yóò jẹ, a jẹ́ pé òun fúnra òun ni yóò ṣe é, kò sì ní sí hóró ṣúgà kan nínú rẹ̀.

Ẹni tó mọ búrẹ́dì ṣe jù ní Àpáta-Mẹ́ta nígbà náà ni Màmá Kẹ́sáyà, ìyá arúgbó kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Sàró. Òun ló ń ṣe búrẹ́dì fún àwọn òyìnbó tó la ojú irin, títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Ààrò amọ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà odò, eyín mẹ́ta ló sì kù sí i lẹ́nu.

"Màmá, búrẹ́dì ni mo wá kọ́," ni Àwẹ̀ró wí.

"Irú èwo?"

"Irú èyí tí kò ní ṣúgà."

Eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ síta. "Ọmọ mi, èyí tí kò ní ṣúgà, bíríkì ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń kọ́lé ni kí o lọ bá."

Àwẹ̀ró kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ fún un látòkèdélẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá náà. Ó bèèrè pé, "Ẹsẹ̀ wo?"

"Ti òsì."

"Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó tí mo ń ṣe búrẹ́dì fún, ti ọ̀tún ni wọ́n gé. Bí mo ṣe wí fún un tó, kò gbọ́. Wá lọ́la. Bu omi kíkan orí ògì dání."

Báyìí ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Màmá Kẹ́sáyà ṣàlàyé fún un pé oríṣi búrẹ́dì méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń fi ẹmu mú wú, ẹ ó pò ó lónìí, ẹ ó tún máa retí rẹ̀ di ọ̀la. Èkejì ni búrẹ́dì kíákíá, òun ni ó sì dára fún obìnrin tó ní aláìsàn nílé, tí kò ráyè jókòó ti ìyẹ̀fun.

"Káún ló wà níbí yìí," ni ìyá náà wí, ó ń fi ìka wá ojú igbá. "Omi kíkan ló wà lọ́hùn-ún. Ọ̀tá ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti pàdé nínú ìyẹ̀fun, ìjà dé, á máa hó ṣùùṣù. Ìjà yẹn ló ń gbé búrẹ́dì dìde. Kí wọ́n tó parí ìjà, o ti gbọ́dọ̀ gbé e sínú ààrò."

Ó rọrùn létí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí lọ́wọ́. Búrẹ́dì àkọ́kọ́, Àwẹ̀ró bu káún sí i bí ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀. Ó jáde ní àwọ̀ ìpẹtà, ó ń rùn bí ọṣẹ. Ọdẹ́tọ́lá bù ú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo aya rẹ̀ lójú.

"Àwẹ̀ró, ṣé kí n jẹ ẹ́ ni, àbí kí n fi wẹ̀?"

Èkejì, ẹ̀rù káún ti ń bà á, ó fi ṣín-ún-ṣín-ún sí i. Búrẹ́dì náà jókòó sínú páànù pẹlẹbẹ, kò gbéra nílẹ̀. Adìẹ kan ṣá a lẹ́ẹ̀kan péré, ó wò ó, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó dun Àwẹ̀ró jù, nítorí pé kò sí ohun tí kò ṣe bí ó ti yẹ. Ó ti wọn káún, ó ti wọn omi kíkan, ìyẹ̀fun ti ń hó, ó ti ń fẹ́ lu etí àwo. Àfi bí Ìyá Gbóyèga ṣe ń ti odò bọ̀. Ìyá Gbóyèga yìí ni ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́tọ́lá obìnrin, obìnrin tí kò gba gbèsè ìkíni lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwẹ̀ró gbé àwo sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, mà."

"Ìyàwó, o jí dáadáa bí? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, mà. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ara le? Ọkọ mi Gbóyèga ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ tó bímọ ńkọ́?"

Wọ́n kí títí dé orí ọmọ tuntun, wọ́n kí títí dé orí iṣu tí wọ́n gbìn, wọ́n sì kí dé orí ewúrẹ́ tó sọnù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí Àwẹ̀ró fi máa dìde, tó gbọn eruku orókún nù, ìyẹ̀fun inú àwo ti rọlẹ̀ bí ikùn ẹni tó gbààwẹ̀. Ó gbé e sí ààrò bẹ́ẹ̀. Ohun tó jáde kò yàtọ̀ sí ti èkejì.

"Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú ilé," ni Màmá Kẹ́sáyà wí. "O kí i dáadáa. Ṣùgbọ́n káún kò mọ ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ààrò nìkan ló mọ̀."

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin sí i, ọ̀rọ̀ ti yé Àwẹ̀ró. Ó ti ronú kan ohun tí yóò fi dípò ṣúgà pẹ̀lú. Ó ri ọ̀dùnkún sínú eérú gbígbóná láti ìdájí, nítorí ó ti rí i pé èyí tí a sè lómi kì í dùn tó èyí tó fi sùúrù jinná nínú eérú. Ó bó o, ó gún un, ó rẹ́ àgbọn sí i, ó fọ́ ẹyin méjì, ó fi iyọ̀ díẹ̀ kan án. Ó wá da omi kíkan lé káún. Bí ó ṣe gbé àwo náà lọ́wọ́ méjèèjì, ta ló tún yọ lọ́nà odò bí kò ṣe Ìyá Gbóyèga.

Àwẹ̀ró wo ẹ̀gbọ́n ọkọ, ó wo àwo. Ó rántí ẹsẹ̀ òsì. Ó tẹ orókún díẹ̀, irú èyí tí kò kan ilẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà, mò ń bọ̀," ó sì sá lọ sídìí ààrò.

Búrẹ́dì náà wú. Ó gbé orí sókè nínú páànù, ó là lójú díẹ̀ lókè, ó pọ́n bí ó ti yẹ kó pọ́n, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ọ̀nà odò kan. Màmá Kẹ́sáyà fi eyín mẹ́ta jẹ ẹ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó mi orí. "Èyí kì í ṣe bíríkì mọ́," ni ó wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àwẹ̀ró máa padà síta láti wá kúnlẹ̀ dáadáa, Ìyá Gbóyèga ti lọ. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà pé àwọn ìyàwó tí òun mọ̀ kì í kí ènìyàn bí ẹni tí ajá ń lé.

Ìyẹn nìkan kọ́ ni ìṣòro. Àwẹ̀ró gbé búrẹ́dì náà wálé, ó gé bíbẹ́ méjì fún ọkọ rẹ̀, ó dúró tì í. Ọkùnrin náà jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

"Ó rọ̀," ni ó wí. "Ó wú. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó dà bí ẹni ń jẹ ìtìmùtìmù."

"Ọ̀dùnkún wà nínú rẹ̀, Bàbá Dọ̀tun. Àgbọn wà nínú rẹ̀."

"Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, wọ́n sá pamọ́ fún mi. Ahọ́n mi ni kò gbà, kì í ṣe èmi."

Òótọ́ ló sì sọ. Ahọ́n tí ṣúgà ti ń kígbe mọ́ láti ọgbọ̀n ọdún, bí ọ̀dùnkún bá fi ohùn kékeré pè é, kò ní gbọ́. Lójoojúmọ́ ni Àwẹ̀ró ń ṣe é, lójoojúmọ́ ni Ọdẹ́tọ́lá ń jẹ òkèlè méjì, tí ó ń tì í sẹ́yìn. Bí aya rẹ̀ bá lọ pọnmi, á ránṣẹ́ ra èyí tó ní ṣúgà. Oṣù kan lọ báyìí. Ọgbẹ́ náà ń fẹ̀ sí i, àwọ̀ ìka ẹsẹ̀ kékeré sì ti ń yí padà. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí oṣù mẹ́ta dókítà pé, Ọdẹ́tọ́lá fúnra rẹ̀ wo ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rù ti dé. Láti ọjọ́ náà kò ránṣẹ́ ra búrẹ́dì ṣúgà mọ́. Ṣùgbọ́n ti aya rẹ̀ náà kò ṣeé jẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó kàn jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú ebi, ó ń rù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, pákò tí ó máa ń jẹ ti tán. Tẹ́lẹ̀, fúnra rẹ̀ ló máa ń rìn lọ sí ìdí igi lọ gé tuntun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò jẹ́. Ó wo ìta, ó rí àwọn ẹ̀ka ewúro tí Àwẹ̀ró gé sílẹ̀ lánàá láti fi se ọbẹ̀. Ó fa ọ̀pá kan yọ nínú rẹ̀, ó sọ ọ́ di pákò. Ẹni tó bá ti fi ewúro rin ẹnu rí mọ bó ṣe ń rí: ó korò débi pé etí ń gbọ́ ọ. Ọdẹ́tọ́lá rún un, ó ń fajú ro, ó tún ń rún un, nítorí kò sí ohun tó bẹ̀rẹ̀ tó máa ń fi sílẹ̀ láàbọ̀. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó da omi yọ ẹnu. Ebi ń pa á. Búrẹ́dì aya rẹ̀ wà lábẹ́ igbá. Ó gé díẹ̀, ó jù ú sẹ́nu láìretí nǹkan kan.

Ó dáwọ́ dúró. Ó tún gé òmíràn. Búrẹ́dì náà dùn. Ó dùn yùngbà, ó dùn dé ìpìlẹ̀ ahọ́n.

Ẹ wo ọmọ ènìyàn. Ọkùnrin tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ṣúgà jẹ nínú bàtà, ọjọ́ tó rò pé ẹlòmíràn fún un jẹ ni inú bí i. Nígbà tí Àwẹ̀ró fi máa gbé omi wọlé, ó ti wà lórí ìdúró, ó fi ọ̀pá tilẹ̀.

"Kí lo fi sínú búrẹ́dì yìí?"

"Ohun tí mo máa ń fi sí i ni."

"Irọ́ ni. Ṣúgà ló wà níbẹ̀. Ó ti sú ọ láti máa tọ́jú mi. O fẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ yìí kí o lè sinmi."

Ohùn ọkùnrin rélùwéè kì í mọ sínú ilé kan. Ìyá Gbóyèga tó ń kọjá lọ gbọ́ ọ, ó yà wọlé láì kan ilẹ̀kùn. "Mo mọ̀," ni ó wí. "Obìnrin tí kò ráyè kúnlẹ̀ kí mi, mo ti mọ̀ pé nǹkan mìíràn ló ráyè fún." Kò pẹ́ tí ó fi lọ pe Bàbá Lánìhún, olórí ẹbí, bàbá tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí kì í dìde fún ẹjọ́ kékeré. Ọjọ́ náà ó dìde.

Wọ́n jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Bàbá Lánìhún gbọ́ ẹnu ọkọ, ó gbọ́ ẹnu ẹ̀gbọ́n ọkọ, ó wá kọjú sí Àwẹ̀ró.

"Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kò kéré. Bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lo ń fún un ní ohun tí wọ́n ní yóò sọ ọ́ di arọ, ilé bàbá rẹ lo máa sùn lónìí. Kí lo rí sọ?"

Àwẹ̀ró mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí òun bá lọ, ta ni yóò máa wẹ ọgbẹ́? Ta ni yóò máa ri ọ̀dùnkún? Ẹsẹ̀ náà kò ní rí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kò sunkún. Ó gbé igbá búrẹ́dì síwájú wọn. "Bàbá, mi ò fi ṣúgà sí i. Ohun tí wọ́n jẹ kù nìyí. Ẹ tọ́ ọ wò fúnra yín."

Bàbá Lánìhún jẹ ẹ́. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń wo òkè àjà. "Ọdẹ́tọ́lá, ṣúgà dà níbí?"

Ìyá Gbóyèga já tirẹ̀ gbà, ó ń wá ṣúgà nínú rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Ó jẹ ẹ̀yà kan, ó jẹ ẹ̀yà kejì. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Kò dùn," ni ó wí, bí ẹni tí wọ́n fi tipá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

"Kò dùn báwo?" Ọdẹ́tọ́lá na ọwọ́, ó bù nínú rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó tún bù ú láti ìdí kejì. "Ó dùn láàárọ̀ yìí. Mo búra. Ó ti kúrò níbẹ̀ báyìí."

"Ṣúgà wo ló máa ń dìde kúrò nínú búrẹ́dì?" ni Bàbá Lánìhún bi í. "Ṣé ó rí ọkọ̀ ojú irin ni?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró ń wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí le, ṣùgbọ́n kì í parọ́ mọ́ ẹnu ara rẹ̀. Bí ó bá ní ó dùn, ó dùn. Búrẹ́dì kan náà ni, nínú igbá kan náà. A jẹ́ pé kì í ṣe inú búrẹ́dì ni ohun tó yí padà wà.

"Bàbá Dọ̀tun, kí lẹ kọ́kọ́ fi kan ẹnu láàárọ̀ yìí?"

"Kí ni mo tún máa fi kàn án? Pákò ni mo jẹ."

"Pákò wo? Pákò yín ti tán láti àná."

Ó nawọ́ sí ọ̀pá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí orí rẹ̀ ti fọ́ yányán. Àwẹ̀ró mú un, ó tọ́ ọ lá, ó sì pa ojú dé. Nígbà tó la ojú, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ti ń fọ ewúro láti kékeré ni. Àìmọye ìgbà ló ti tọ́ omi ewúro wò láti mọ̀ bóyá ó ti rọ̀, tó wá mu omi tútù lé e, tí omi náà sì dùn bí ẹni pé wọ́n fi oyin pò ó. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kò wulẹ̀ ronú kàn án pé ó wúlò fún nǹkan ni.

Ó jáde, ó já ewé ewúro, ó fún wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ ẹ́."

"Ṣé gbogbo wa lo fẹ́ pa pọ̀ ni?" ni Ìyá Gbóyèga bi í.

"Jẹ ẹ́," ni Bàbá Lánìhún wí. Òun ti ju tirẹ̀ sẹ́nu. Ojú rẹ̀ pọ̀ mọ́ra bí ìgbà tí ènìyàn fún aṣọ, omi jáde lójú ọ̀tún. Ìyá Gbóyèga jẹ tirẹ̀, ó ń gbọn ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí iná jó. Ọdẹ́tọ́lá nìkan ló jẹ ẹ́ láì mira, ojú rẹ̀ wà lára igbá.

"Ẹ wá jẹ búrẹ́dì."

Wọ́n jẹ ẹ́. Bàbá Lánìhún jẹ ti ọwọ́ rẹ̀ tán, ó lá ìka, ó tún nawọ́ láì béèrè. Ní ti Ìyá Gbóyèga, ọwọ́ rẹ̀ ti padà sínú igbá kí ó tó rántí pé inú ń bí òun.

"Ọ̀dùnkún ni," ni Ọdẹ́tọ́lá wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mo ń gbọ́ ọ. Àgbọn náà wà níbẹ̀." Ó wo aya rẹ̀. "Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìgbà yìí?"

"Láti ọjọ́ kìíní."

Bàbá Lánìhún nu ẹnu. "Kò sí ohun tó ṣe búrẹ́dì. Ahọ́n wa ló ti sùn, ewúro ló jí i. Ọdẹ́tọ́lá, bẹ ìyàwó rẹ. Ìwọ náà, Ìyá Gbóyèga."

Ọdẹ́tọ́lá kò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Gbogbo ohun tó rí sọ ni pé, "Àwẹ̀ró, ọ̀la, máa ṣe méjì." Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀pá sílẹ̀ kí ó tó sọ ọ́, ó sì tẹ orí ba. Ẹni tó bá mọ ọkùnrin náà mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ojú irin kò rí irú rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Gbóyèga ní tirẹ̀ wí pé òun yóò máa gba ọ̀nà mìíràn lọ sódò láàárọ̀, títí ìyẹ̀fun yóò fi wọ ààrò.

Láti ọjọ́ náà ni ewúro ti ń ṣíwájú, tí búrẹ́dì ń tẹ̀ lé e. Bíbẹ́ méjì láràárọ̀, kò lé, kò dín. Ọdẹ́tọ́lá kò sì tún wá ohun mìíràn kiri, nítorí ahọ́n rẹ̀ ti rí oúnjẹ jẹ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbé ògì mu pẹ̀lú, ó ní òun kò mọ̀ pé ògì tún dùn báyìí. Àwẹ̀ró ń fi omi iyọ̀ lílọ́ wẹ ọgbẹ́ láràárọ̀ àti lálaalẹ́ bí dókítà ti wí. Ẹran pupa tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ìsàlẹ̀, etí ọgbẹ́ ń sún mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ ìka kékeré sì padà.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n gbé Ọdẹ́tọ́lá lórí kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tú aṣọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Ó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo ti ní kí wọ́n pọ́n ayùn sílẹ̀ dè yín," ni ó wí. "Kí lẹ ṣe?"

"Mo kọ́kọ́ jẹ ewúro," ni Ọdẹ́tọ́lá dáhùn. "Lẹ́yìn náà, mo jẹ oúnjẹ ìyàwó mi."

"Ẹ máa bá a lọ. Kò sí ohun tí a ó gé."

Wọ́n ní kí ó gun kẹ̀kẹ́ padà sílé, ó kọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ tí òun gbà padà, òun gbọ́dọ̀ fi í tẹ ilẹ̀. Ó gba ojú irin bọ̀, ó ń tẹ̀ é láti igi dé igi bí ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́, Àwẹ̀ró wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń retí ọkọ̀ dìde, wọ́n ń wò wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó mọ̀ ọ́n nígbà kan fi òòlù lu irin fún un, gbogbo ibùdókọ̀ sì ń dún kọ́ngọ́-kọ́ngọ́ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Kò pẹ́ tí búrẹ́dì Àwẹ̀ró fi di ohun tí àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ń béèrè ní Àpáta-Mẹ́ta. Ìyá Gbóyèga fúnra rẹ̀ ló ń gbé e káàkiri ibùdókọ̀, àwo búrẹ́dì lórí, ìdì ewé lọ́wọ́. Bí àlejò bá fẹ́ kọ́kọ́ bu búrẹ́dì, á gbá a lọ́wọ́ díẹ̀, á ní, "Rárá o, ọmọ mi, èyí tó korò lo máa kọ́kọ́ jẹ." Àlejò a fajú ro, a jẹ ewé, a jẹ búrẹ́dì, ojú a sì là. Wọn a gbé ọ̀rọ̀ náà wọ ọkọ̀, wọn a gbé e dé Òkè Ọya, wọn a gbé e dé etí òkun. Nígbà tó yá, àwọn tí kò jẹ búrẹ́dì náà rí pàápàá ń fi ọ̀rọ̀ náà tu ẹni tí ìyà ń jẹ nínú. Láti ìdí ààrò Àwẹ̀ró ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro.